Bí Mo Ṣe Gbé Nọ́ńbà Mi Kúrò Lọ́wọ́ Abùjẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ̀yin tí ẹlòmíràn ń kà á fún, ẹ kú àfetísí. Ẹni tó bá ń se ọbẹ̀ lọ́wọ́ kó sọ ọ́ kalẹ̀ ná, torí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí èèyàn ń fi etí kan gbọ́. Èmi ni Ọdẹ́gbilé, ọdẹ Ìdí-Ayin. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi ni mo ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá rí àṣìkọ níbẹ̀ kó bá mi tún un ṣe nínú ọkàn rẹ̀, kó má pariwo mi. Òótọ́ ni ìtàn yìí. Ẹni tó bá ní irọ́ ni kó wá sí Ìdí-Ayin, màá fi ibi tí òpó irin ti tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ hàn án, kó fọwọ́ kàn án.

Iwájú ilé Bùsúyì ni mo ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Bùsúyì ló ń fi jẹnẹrétọ̀ gba iná sí fóònù fún gbogbo abúlé wa. Bí fóònù bá ń gba iná lọ́wọ́, kí lèèyàn tún fẹ́ ṣe ju kó jókòó kó máa sọ̀rọ̀? Wọ́n pé yí mi ká lọ́jọ́ náà, mo sì sọ fún wọn báyìí.

Mo ní ẹ̀gbọ́n kan, Àwẹ̀ró là ń pè é. Ìlá ló ń gbé, nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Òun ló pọ̀n mí dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wa lọ. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ mọ nọ́ńbà mi. Kò mọ nọ́ńbà ẹlòmíràn láyé. Á máa fọwọ́ wá ojú fóònù bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà, á tẹ̀ ẹ́, á fíláàṣì mi, á pa á. Èmi á wá pè é padà. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn, torí èmi tí mo pa ẹfọ̀n, èmi tí àmọ̀tẹ́kùn rí tó yà fún lọ́nà, mi ò lè jẹ́ kí obìnrin tó pọ̀n mí máa ra káàdì nítorí àtigbọ́ ohùn mi.

Bó bá sì ti gbé e báyìí, màá dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Bùsúyì rẹ́rìn-ín nígbà tí mo dé ibẹ̀. Ó ní, "Bàbá Ọdẹ, ẹ dọ̀bálẹ̀ fún fóònù? Ta ló ń rí yín?"

Mo ní, "Ilẹ̀ ń rí mi."

Ó ní, "Inú igbó ńkọ́?"

Mo ní inú igbó náà ni. Ìmàdò kan wà tí mo ń tọ̀ láti àárọ̀, mo ti na ìbọn sí i, ni fóònù dún. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi padà, mo dọ̀bálẹ̀ sínú ewé, ìmàdò náà sì rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi bí ẹni ń lọ sọ́jà. Ó tiẹ̀ dúró wò mí. Kò séwu, mo pa òmíràn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi kì í bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ láìkí èèyàn. Á béèrè bí mo ṣe jí, á béèrè ìyàwó mi, á béèrè àwọn ajá mi lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ wọn. Lẹ́yìn náà ló máa wá fi Àdìgún, oríkì mi, kì mí.

"Àdìgún, ọmọ atẹ̀wé-gbígbẹ-má-dún. Ọmọ ẹni tó wọ igbó tí ẹyẹ kò fò. Àdìgún tí bàbá rẹ̀ fi awọ ẹkùn ṣe ẹní..."

Èmi á máa dáhùn pé, "Ẹ ṣé, ìyá mi. Ẹ kú ìtọ́jú mi." Àfi bó bá ku díẹ̀ kó dé orí orúkọ bàbá wa, ni obìnrin kan tí mi ò rí rí, tí mi ò sì ní kó bá wa dá sí ọ̀rọ̀, á wọlé pé owó mi ti tán. Kíá, ìpè ti já.

Bó ṣe ń rí ní gbogbo ìgbà nìyẹn, mo sì ń fara dà á. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, ẹ̀gbọ́n mi ní, "Àdìgún, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ fún ọ, nǹkan ńlá ni. Jẹ́ n kọ́kọ́ kí ọ ná." Ó kí mi, ó ń kì mí lọ, ìpè já. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Mo ra káàdì tó nípọn, oríkì jẹ ẹ́ tán kó tó kan orúkọ bàbá wa. Mo ní kí n wá sí Ìlá. Ó ní mi ò gbọdọ̀ wá títí òun á fi sọ ọ̀rọ̀ náà, pé bí mo bá wá, òun ò ní ṣílẹ̀kùn. Ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀.

Bùsúyì ní, "Kí ló dé tí ẹ ò ní kó fo oríkì, kó sọ ohun tó fẹ́ sọ?"

Mo ní kó pe ẹ̀gbọ́n tirẹ̀, kó wí bẹ́ẹ̀ fún un lójú gbogbo wa níbẹ̀. Ó yí ojú sí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbéra. Wọ́n ti sọ fún mi pé ilé iṣẹ́ fóònù mìíràn wà tí owó rẹ̀ kò wọ́n, Pọ́ọ́kú lorúkọ ìlú wọn, pé odò ló wà láàárín wọn àti Abùjẹ, ilé iṣẹ́ tí nọ́ńbà mi wà lábẹ́ rẹ̀. Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo fi rọ́bà di fóònù mi kí bátìrì rẹ̀ má bọ́, mo wọ Igbó Òpó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rí òpó irin lórí òkè, tí ẹ rò pé ó dúró sójú kan, ẹ kò mọ nǹkan kan. Lójú yín ló ń dúró. Nínú Igbó Òpó, rírìn ni wọ́n ń rìn. Wọ́n ga ju ìrókò lọ, ojú pupa kan ṣoṣo wà lórí ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn, bí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀, ilẹ̀ á kó sínú. Ọ̀kan tẹ̀ mí. Ẹlòmíràn ì bá sọkún, èmi bi í pé ṣé ojú kan yẹn kò tó o ni? Ó tọrọ àforíjì.

Láàárín ẹsẹ̀ àwọn òpó yìí ni mo ti rí àwọn Agbóhùn. Iwin ni wọ́n, wọ́n fi orí ru igbá, ohùn àwa èèyàn ló wà nínú igbá náà tí wọ́n ń gbé láti ìlú dé ìlú. Bí wọ́n bá dé ìdí òpó kan, wọ́n á ki ọwọ́ bọ inú igbá, wọ́n á bù jẹ. Wọ́n dé ìdí èkejì, wọ́n tún bù jẹ. Mo mú ọ̀kan lọ́wọ́.

Mo ní, "Ta ló ni ohùn tó o ń jẹ yìí?"

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Ọdẹ, èmi kọ́, ọba wa ló ní ká máa bù jẹ. Tiẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ."

Mo ní kó mú mi lọ sọ́dọ̀ ọba. Bí a ti ń lọ, nǹkan kékeré kan fò mọ́ mi lọ́rùn láti orí igi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Orin burúkú, ohùn burúkú. Mi ò bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, bí orin tí ilé iṣẹ́ fóònù máa ń so mọ́ nọ́ńbà èèyàn láìbéèrè ni. Bí mo bá jà á síhìn-ín, ó ti dé ọ̀hún, ó sì ń yọ káàdì ní àpò mi bó ṣe ń kọ ọ́. Mo ní, "Dúró." Kò gbọ́. Agbóhùn náà rẹ́rìn-ín, ó ní ihò tó ti jáde ni èèyàn gbọ́dọ̀ padà sí, kó dúró lẹ́nu ihò náà kó tó wí bẹ́ẹ̀, pé àwọn kan ti gbé tiwọn títí wọ́n fi kú. Mo padà, mo wá ihò rí lára igi, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wí i síbẹ̀. Ó jábọ́ bí ọsàn tó rà.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ọ̀dọ̀ Abùjẹ. Ọba náà kò ní ọrùn. Ikùn ni gbogbo ara rẹ̀. Bó bá ti mí, ìkíni àwọn èèyàn á máa jáde ní àjákù, "ẹ kú àá...", "ṣé dáadáa lẹ...", "àwọn ọmọ ń...", gbogbo rẹ̀ ló gé láàárín. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo gbọ́ ohùn tèmi náà níbẹ̀ tó ń wí pé, "Ẹ ṣé, ìyá..." Inú bí mi.

Ó ní, "Ọdẹ, kí lo wá ṣe?"

Mo ní, "Kábíyèsí, mo fẹ́ máa lọ sí Pọ́ọ́kú. Ẹ ń jẹ ohùn mi jù."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi mì. Ó ní, "Ẹ̀yin ni ìkíni yín gùn. Àwọn kan wà tí wọ́n ń gbé fóònù tí wọ́n ń ní 'kí ló dé', tí wọ́n á sì gbé e sílẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan jẹ lára wọn."

Mo ní, "Àwọn yẹn kò ní ẹ̀gbọ́n."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tù mí. Ó ní kí n dúró, òun á fún mi ní ẹ̀bùn, n ó máa sọ̀rọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí gbogbo ayé bá ti sùn. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi náà máa ń sùn. Ó ní òun á fún mi ní ọ̀rọ̀ ọ̀fẹ́ tó kún apẹ̀rẹ̀, àmọ́ kí n sọ ọ́ tán kí oòrùn tó wọ̀, èyí tó bá kù á jẹrà. Mo ní ṣé ẹja ni?

Nígbà tó rí i pé mi ò mì, ojú rẹ̀ le. Ó ní, "Ó dáa. Fi nọ́ńbà mi sílẹ̀ kí o máa lọ. Èmi ni mo fún ọ."

Mo ní, "Ẹ̀yin lẹ fún mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìka ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ ọ. Ẹ lè gba èyí tẹ́ ẹ fún mi. Báwo lẹ ṣe fẹ́ gba èyí tó wà ní ìka rẹ̀?"

Ó ní, "Bó o bá gbé e kọjá Oníbodè odò, máa gbé e lọ." Ó sì rẹ́rìn-ín ẹ̀rín kan tí mi ò fẹ́ràn.

Mo ń lọ sí odò ni mo gba ìlú kan kọjá, gbogbo àwọn ará ibẹ̀ dúró sí etí ọ̀nà, fóònù lọ́wọ́, wọ́n ń wo ojú rẹ̀. Kò sí èyí tó dún. Ọkùnrin kan tó fi téèpù télọ̀ kọ́ ọrùn di aṣọ mi mú.

Ó ní, "Jọláadé ni mí, télọ̀ ni mí. Ṣé ẹ mọ̀ mí?"

Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́."

Ó ní, "Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí mọ́. Ọkùnrin kan tó jókòó sábẹ́ agbòòrùn ló fún mi ní síìmù tuntun lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní ó sàn ju tàtijọ́ lọ, owó rẹ̀ kéré. Mo yọ tàtijọ́, mo sọ ọ́ sí gọ́tà. Ọmọ mi wà lókè òkun, bàbá, nọ́ńbà tàtijọ́ yẹn nìkan ló ní." Ó nu ojú. Ó ní, "Ẹ bá mi fíláàṣì tuntun yìí wò, kó kàn dún lẹ́ẹ̀kan."

Mo fíláàṣì rẹ̀. Ó dún. Ọkùnrin náà gbé fóònù sí àyà, ó di ojú, kò gbé e títí ó fi dákẹ́. Mi ò lè ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀, ẹ má retí rẹ̀ lọ́wọ́ mi.

Kí n tó rìn jìnnà, alágbòòrùn náà ti dé, ojú rẹ̀ ń dán. "Bàbá mi àtàtà, ẹ gba tuntun, ọ̀fẹ́ ni, wéré báyìí ló máa wọlé, ẹ ò tiẹ̀ ní dé odò." Mo na ìbọn sí agbòòrùn rẹ̀, mo lu ú ní ihò. Oòrùn wọlé bá a, ó sì yọ́ bí òrí.

Mo dé odò. Odò Àìdún lorúkọ rẹ̀, omi rẹ̀ ń ṣàn, kò sì pariwo rárá. Oníbodè jókòó sí ẹnu afárá, etí ló bò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá fẹ́ gbé nọ́ńbà kọjá gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ni ín."

Mo ní, "Èmi ni mo ni ín."

Ohùn kan lẹ́yìn mi ní, "Èmi ni mo ni ín."

Mo yíjú. Èmi ni mo rí. Fìlà mi, ìbọn mi, àpá tí ọ̀yà gé mi jẹ ní àtàǹpàkò, gbogbo rẹ̀ pé. Gbogbo ohùn mi tí Abùjẹ ti bù jẹ láti ọjọ́ tí mo ti ń pè, òun ló kó jọ, ó fi mọ èèyàn, ó rán an sí mi. Ohùn mi ló fi ṣe ara, ẹ ò lè fi ohùn dá wa mọ̀. Oníbodè bi wá lórúkọ bàbá wa, àwa méjèèjì dáhùn pọ̀. Ó bi wá lórúkọ àwọn ajá, ọ̀kan kò ṣáájú èkejì. Mo fẹ́ yìnbọn fún un, òun náà gbé tirẹ̀. Mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ̀rù kò bà mí o, mo kàn ń rò ó ni.

Ìgbà yẹn ni fóònù mi dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́. Fíláàṣì ẹ̀gbọ́n mi.

Oníbodè na ọwọ́ sókè, ó mú fíláàṣì náà nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni mú eṣinṣin, ó fà á gùn títí ó fi di ìpè. Ohùn Àwẹ̀ró gba orí omi náà kan. Oníbodè ní, "Ìyá, àwọn méjì ló wà níbí. Ẹ mú tiyín."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Jẹ́ kí n kí wọn." Ó sì bẹ̀rẹ̀. "Àdìgún, ọmọ atẹ̀wé-gbígbẹ-má-dún."

Ẹnìkejì yẹn dáhùn kíá, "Ẹ ṣé, ìyá mi. Ẹ kú ìtọ́jú mi." Ohùn mi ni, kò fi ibì kan yàtọ̀. Ó yá ju tèmi lọ pàápàá. Èmi kò tètè dáhùn torí mo ti gbàgbé pé ìdánwò ni a ń ṣe. Mo gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi, ara mi ti wólẹ̀. Inú ẹrẹ̀ ni mo wà, àyà mi àti ìbọn mi, nígbà tí mo ní, "Ẹ ṣé, ìyá mi. Ẹ kú ìtọ́jú mi."

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹni àkọ́kọ́ tó dáhùn yẹn, orí ìdúró ló wà."

Oníbodè ní, "Ìyá, báwo lẹ ṣe mọ̀? Ẹ ò rí wọn."

Ó ní, "Mi ò rí i rí látorí fóònù. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti ń pè mí, ilẹ̀ ni ohùn Àdìgún máa ń ti í wá. Àyà rẹ̀ á ti fún pọ̀, iyẹ̀pẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Èyí tó ń dúró dá mi lóhùn yẹn, mi ò mọ ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ."

Bùsúyì, ṣé o ti gbọ́ ẹni tó ń rí mi báyìí?

Ẹnìkejì náà gbọ́, ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Abùjẹ ti gbé ohùn jẹ, ṣùgbọ́n ìdọ̀bálẹ̀ kì í gba orí fóònù kọjá, kò sí èyí tó rí jẹ nínú rẹ̀. Eékún rẹ̀ kò mọ bí a ti ń tẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ síbi tí kò yẹ, ó ṣẹ́, ó tú ká, gbogbo àjákù ìkíni mi sì fò lọ sórí odò bí esunsun.

Oníbodè yà fún mi. Bí mo ṣe ń gba orí afárá kọjá, fóònù mi kú fin-ín-fin-ín, kò lójú, kò létí. Bí mo ti fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ Pọ́ọ́kú, ó jí. Nọ́ńbà mi wà nínú rẹ̀ bó ṣe wà.

Àwọn Agbóhùn Pọ́ọ́kú gbẹ, wọ́n kéré, wọn ò sì pọ̀. Ìyá arúgbó kan ni ọba wọn. Ó ní, "Mi ò ní tàn ọ́, ọdẹ. Àwọn ọmọ mi kì í jẹ ohùn, iyọ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Ṣùgbọ́n wọn ò lágbára àtiwọlé lọ bá ọ. Ní Ìdí-Ayin, ẹ̀yìn ọgbà ewúrẹ́ rẹ ni wọ́n lè bá ọ dé." Mo ní ewúrẹ́ kò dí mi lọ́wọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe délé, mo lọ sí ẹ̀yìn ọgbà ewúrẹ́, mo pe ẹ̀gbọ́n mi, mo dọ̀bálẹ̀ sínú gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ó kí mi. Ó béèrè ìyàwó mi, ó béèrè àwọn ajá. Ó kì mí, ó kì mí, ó dé orí orúkọ bàbá wa, ó kọjá rẹ̀, ó bọ́ sí ti bàbá bàbá wa tí mi ò gbọ́ láti ìgbà tó ti sọ̀ mí kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin ìjọsí kò wọlé. Ewúrẹ́ kan ń jẹ etí fìlà mi, mo jẹ́ kó máa jẹ ẹ́.

Nígbà tó kì mí tán, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Àdìgún, ojú mi ti ṣú pátápátá. Mi ò rí ìmọ́lẹ̀ mọ́. Mi ò fẹ́ kó o wá bá mi lójijì kó o rí mi bí mo ṣe ń fọwọ́ wá ògiri. Mo fẹ́ fi ẹnu mi sọ ọ́ ná. Wá mú mi lọ sílé."

Mo ní, "Mo ń bọ̀, ìyá mi." N ò tiẹ̀ gbọn ẹrẹ̀ ara mi dànù tán kí n tó gbéra.

Ó ti wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Ìdí ògiri níbí ló jókòó sí bí mo ṣe ń kọ ọ́, ó ń gbọ́, ó sì ń sọ ibi tí mo ti fi kún un fún mi. Láràárọ̀ ló ń kì mí dé ìparí, mo ń dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀ gan-an, kò gba káàdì rárá.

Ọ̀rọ̀ tó kù sílẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Mo ní fóònù Pọ́ọ́kú tí kò wọ́n, mi ò sì ní ẹni tí mo máa pè mọ́. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ kà á dé ibí, ẹni tó bá ti rin irú ìrìn-àjò báyìí rí, tàbí tí nǹkan tó jù ú lọ bá ti ṣojú rẹ̀, kó fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ẹni tí kò lè kọ ọ́ kó fíláàṣì mi, màá pè é padà láti ẹ̀yìn ọgbà ewúrẹ́, nọ́ńbà mi kò yí padà. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìtàn yín, ẹ kọ́kọ́ kí mi dáadáa. Ẹ béèrè ẹ̀gbọ́n mi, ẹ béèrè àwọn ajá. Ẹ má kánjú.